Owó tí mo fi ya àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò

36,000 fràǹkì sẹ́fà ni mo san ní Pọ́tó-Nófò kí wọ́n lè bá mi tẹ àwòrán ilẹ̀ abúlé kan nítòsí Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sórí tapólì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nítorí pé orúkọ abúlé náà kò pé nínú ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ gbin igi gbé fún mi ni pé kí n wádìí èyí tí àwọn ará abúlé kà sí jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀ tí ó yí wọn ká. Nígbà tí mo tẹ́ àwòrán olówó iyebíye náà síwájú àwọn àgbà, bàbá kan wò ó pẹ́, ó wá bi mí pé, "Ṣé ojú ọ̀run lo dúró sí nígbà tí o ń ya èyí?" Bí a ṣe ká a nílẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé pàápàá kò dára. Mo béèrè ibi tí ó lẹ́wà jù, gbogbo wọn sì dáhùn pé Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tí gbogbo àlejò tí ó bá wá sí Kétu ń wá wò. Ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n sọ fún mi.

Mo wá rántí ọ̀nà kan tí àwọn olùwádìí CIFOR, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí nípa igbó, lò ní Malinau, ní erékùṣù Borneo ní Indonéṣíà: wọ́n a fún àwùjọ kan ní 100 òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró ẹ̀wà, kí wọ́n pín in sórí oríṣiríṣi ilẹ̀ bí ó ṣe ṣe pàtàkì sí wọn tó. Ọmọ ayò ni èmi lò. Mo ya oko, ilẹ̀ tí ó ń sinmi, ibi omi, ilé àti igbó Orò sórí páálí fúnra mi, n kò sì ná ju owó páálí lọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí àwọn ìyá da ọmọ ayò tí ó ju ìdajì lọ sórí ibi omi, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ bí kànga ṣe ń jìn tó lórí ilẹ̀ Kétu yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àtọkùnrin àtobìnrin, kò sí ẹni tí ó fi ẹyọ kan ṣoṣo sórí igbó Orò. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òfo náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà mí. Láti ọdún 2012 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní àṣẹ tí ó dá irú igbó bẹ́ẹ̀ mọ̀ lábẹ́ òfin, nítorí náà àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi ń retí nọ́ńbà ńlá níbẹ̀, wọ́n sì ń fi tẹlifóònù dà mí láàmú pé bóyá n kò ṣàlàyé dáadáa. Inú bí mi, nítorí pé mo ṣàlàyé.

Níkẹyìn, ìyá kan yọ́ sọ fún mi pé obìnrin kì í gbé ọwọ́ lé Orò, ì báà ṣe lórí páálí. Ní ti àwọn ọkùnrin, bàbá tí ó bú mi lórí tapólì ní kí n tẹ̀ lé òun. A rìn gba ẹ̀yìn oko àgbàdo títí a fi dé ibi tí màrìwò ti gbẹ lórí okùn tí a ta dábùú ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà, kò sì lọ síwájú mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí o fi ọmọ ayò wọn ìyá rẹ, mélòó lo máa kà?"

Ọjọ́ náà ni ó yé mi pé òfo méjì tí kò jọra ni mo kọ sínú ìwé kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ bá àgbà kan rin ilẹ̀ náà kí ó tó kó hóró jáde, kí ó sì jókòó ti ọkùnrin àti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyókù kò le.

Mo fi àyè igbó náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i, mo sì so àlàyé ojú ewé kan mọ́ ọn. Wọ́n san ìdajì owó mi tí ó kù lẹ́yìn oṣù méjì, ṣùgbọ́n wọn kò dá 36,000 náà padà. Ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá ni tapólì wà báyìí, orí rẹ̀ ni ó ń sá èlùbọ́ sí.