Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwo Funfun Mọ Ìgbà Tí Phytoplankton Pọ̀ Lójú Òkun

Phytoplankton ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín bí ewéko tó ń léfòó nínú omi. Ẹyọ kan kò ṣeé fojú lásán rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbilẹ̀, omi á ṣú, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní wọlé jìnnà mọ́. Ohun tí àwo Secchi, ìyẹn àwo funfun tí à ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ń wọ̀n láti ọdún 1865 nìyẹn.

Ẹ gé ike líle ní róbótó, kó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi ọ̀dà funfun tí kò dán kùn ún. Ẹ lu àárín gan-an, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, kí ẹ so irin kílò 2 mọ́ abẹ́ rẹ̀. Okùn ló máa ń dani láàmú jù: okùn ọ̀rá máa ń nà bó bá ti tutù. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fà á le, kí ẹ tó lẹ tépù mọ́ ọn ní 50 sẹ̀ǹtímítà síra, bẹ̀rẹ̀ láti ojú àwo.

Láàárín aago 10 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, níbi tí òkun ti jìn ju mítà 25 lọ. Ẹ bọ́ awò òòrùn, ẹ dúró síbi tí òjìji ọkọ̀ bò. Bí àwo bá ṣe ń lọ, funfun rẹ̀ á máa di àwọ̀ ewé, á dà bí ohun tí kùrukùru bò, á sì pòórá. Ẹ ka okùn. Ẹ rọra fà á títí yóò fi yọ, ẹ tún kà á. Bó bá pòórá ní mítà 12, tó yọ ní 11, ẹ kọ 11.5. Bí okùn bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn; ẹ fi irin kún un.

Ẹ wọn ìgbóná ojú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí òun ló ń túmọ̀ nọ́ńbà náà. Ní etíkun Ghánà àti Côte d'Ivoire, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀, ojú òkun á sì tutù ju 25°C lọ. Omi yẹn ló ń gbé náítíréètì àti fọ́síféètì wá. Phytoplankton á jẹ ẹ́ bí àgbàdo ṣe ń jẹ ajílẹ̀, àwo á tètè pòórá, ẹja sáwá á sì tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀. Bí ojú omi bá gbóná, omi gbígbóná á lé téńté sórí èyí tó tutù bí epo pupa lórí omi. Oúnjẹ ìsàlẹ̀ kò ní ráyè gòkè, àwo á sì hàn jìnnà. Ojú kan náà ni kí ẹ máa padà sí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Èkó ló le jù. Lásìkò òjò, ọ̀sà máa ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, àwo á pòórá láìjẹ́ pé phytoplankton pọ̀. Ẹ kọjá ààlà omi ẹrẹ̀. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ kán áyódínì sínú omi ìgò kan, kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi maikirosíkópù wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po 100. Diatom, tó jẹ́ oríṣi phytoplankton kan, ní èèpo tó mọ́ gara bíi gíláàsì, tí ọnà wà lára rẹ̀. Ẹrẹ̀ kò ní ìrísí kan pàtó.