Ẹ Wá Ọ̀nà fún Omi Kí Ẹ Tó Ṣe Títì: Ìmọ̀ràn Fóómànù fún Ẹgbẹ́ Onílé ní Ìbàdàn

Bí ẹgbẹ́ onílé bá ti dá owó jọ tán, intalọ́ọ̀kì ni gbogbo wọn máa ń fẹ́ rí. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ geere, kí ẹrẹ̀ má ba bàtà ọmọléèwé jẹ́ mọ́. Èmi tí mo ti ń ṣe fóómànù nídìí iṣẹ́ títì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, gọ́tà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bàbá Lẹ́fẹ̀lì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa lẹ́yìn Akóbọ̀, torí mi ò kì í dé ojú iṣẹ́ láìmú hóòsì lẹ́fẹ̀lì dání, ìyẹn hóòsì olómi tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Omi ló ń ba títì àdúgbò jẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Tí omi bá rọ́nà gbà, yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ̀ dáadáa á gbé ọkọ̀ yín fún ọdún mélòó kan. Tí kò bá rọ́nà, kò sóhun tẹ́ ẹ lè dà lé e tí kò ní jìn.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sí. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun bẹ̀rẹ̀ ìwalẹ̀ nínú oṣù karùn-ún, ẹ rọra sọ fún un pé kó sinmi.

Ẹ kọ́kọ́ rìn ín nínú òjò

Nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ lọ́dún yìí, kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta wọ bàtà rọ́bà kí wọ́n rin àdúgbò náà lábẹ́ òjò gan-an. Ibo lomi ti ń wá? Ibo ló ń dúró sí? Ilé wo ló ń da omi òrùlé rẹ̀ sójú títì? Ibo ni gbogbo rẹ̀ ń já sí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Òjò tó rọ̀ sẹ́yìnkùlé ẹlòmíì lókè á dé ẹnu géètì yín láìpẹ́. Gọ́tà tí wọ́n fi omi ilé yín nìkan díwọ̀n, tí àdúgbò méjì míì sì ń dà sí i látòkè, kò ní gbà á.

Bí odò bá wà nítòsí, ẹ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, ibo lomi dé lọ́dún Omíyalé? Màmá, ti 2011 ńkọ́?" Omíyalé tí mò ń wí ni ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó sì gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Ti 2011 jẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ bákan náà, ọjọ́ tí omi wó afárá Apẹ̀tẹ̀. Ibi tí àgbà bá nawọ́ sí lára ògiri, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i. Ọ̀nà tàbí kọ́fáàtì (ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì) yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe létí odò náà, àmì yẹn ni kí ẹnjiníà kọ́kọ́ rí.

Ẹ tún kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín. Nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, iṣẹ́ wọn ló jẹ́ láti ṣe òpópónà àdúgbò àti gọ́tà kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ náà, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú sọ́wọ́. Nígbà míì, gíréédà ọjọ́ kan péré lẹ máa rí gbà níbẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ pé ta ló ní kẹ́ ẹ da omi gba ibí, ìwé wà nílẹ̀.

Gọ́tà

Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ gọ́tà, ibi tí omi máa já sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè á kàn dé ìsàlẹ̀ kó rí i pé ilẹ̀ odò ga ju ìdí gọ́tà òun lọ, adágún ló kọ́ yẹn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ibi tẹ́ ẹ ń dà á sí ò ní já sí yàrá ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ oníilẹ̀ ni, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó walẹ̀.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ó kéré tán, kí ìdí gọ́tà máa wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú 200, ìyẹn ínṣì 6 nínú ẹsẹ̀ bàtà 100. Ojú lásán ò lè rí i, ibẹ̀ sì ni bíríkìlà ti máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wò ó, ó ń dà." Ẹ má gbọ́. Ẹ ra hóòsì funfun tí èèyàn ń rí inú rẹ̀, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Ẹ bu omi kún un títí á fi ku díẹ̀ kó dé ẹnu méjèèjì, kẹ́ ẹ sì wò ó pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó há sí i láàárín. Bí afẹ́fẹ́ bá há, irọ́ ni gbogbo ohun tó bá sọ fún yín. Ẹ gún èèkàn kan níbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí òmíràn wà ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí i. Kí ẹnì kan di ẹnu hóòsì kan mú mọ́ èèkàn àkọ́kọ́, kí ẹnì kejì di èkejì mú. Bí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú omi lára èèkàn méjèèjì. Ọgbọọgba ni àmì méjèèjì yẹn. Ẹ wá sọ ti èèkàn tó wà lápá ìsàlẹ̀ kalẹ̀ ní ínṣì 3, kẹ́ ẹ ta okùn láàárín wọn. Okùn yẹn ni ìdagẹ̀rẹ̀ yín. Láti ara okùn ni kẹ́ ẹ ti máa wọn ìjìnlẹ̀ gọ́tà, igi kan náà tí wọ́n gé sí ìwọ̀n kan ni kí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, látòkè délẹ̀.

Ìbú rẹ̀ ńkọ́? Kó má kéré ju ínṣì 18 lọ. Èyí tó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣọ́bìrì ò ní wọ̀ ọ́, ohun tí ṣọ́bìrì ò bá sì wọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbá a. Ní ti ògiri, ẹ lè fi kọ́ǹkéré oníródù tó nípọn ínṣì 6 ṣe é. Ẹ sì lè fi búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 mọ ọ́n, kẹ́ ẹ rọ kọ́ǹkéré kún ihò rẹ̀. Ẹ máa fi páìpù ínṣì 2 kékeré há a láàárín, lókè ìdí gọ́tà díẹ̀, kí omi tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri lè sun jáde. Bí kò bá rí ibi sun, òun ni yóò ti ògiri ṣubú sínú gọ́tà.

Ní ti kọ́ǹkéré, 1:2:4 ni a ń lò: ìdá sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíránítì mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó jẹ́ kílò 50 kún pánù orí 2, torí náà àpò kan gba yanrìn pánù 4 àti gíránítì pánù 8. Kí pánù kún dọ́gba, kí wọ́n má ṣe é ní òkè-òkè fún gíránítì kí wọ́n wá dín in fún sìmẹ́ǹtì. Omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lítà 25 sí 28 lọ fún àpò kan, ó sì máa dín bí yanrìn bá tutù. Ibí yìí lèmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń jà jù. Wọ́n fẹ́ kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kó má dùn wọ́n lápá. Kọ́ǹkéré tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ á gbẹ tán, á máa bó bí efun.

Ẹ yẹ yanrìn wò kí tíípà tó já a sílẹ̀. Ẹ bù ú sínú ìgò tí wọ́n ń rí inú rẹ̀ dé ìlàjì, ẹ bu omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á dúró lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá ti ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ ní kí tíípà máa lọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti da kọ́ǹkéré, ẹ fi àpò bò ó kẹ́ ẹ máa fomi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi owó ọmọ tó máa wọ́n omi náà sínú àdéhùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu géètì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Alhaja kan ládùúgbò wa fẹ́ fi páìpù ínṣì 4 sábẹ́ géètì wọn, kí wọ́n wá fi yẹ̀pẹ̀ dí gọ́tà tó kù kí ọkọ̀ lè wọlé. Wọ́n ní, "Bàbá Lẹ́fẹ̀lì, ṣé omi yìí tiẹ̀ tó báyẹn ni?" Mo ní, "Màmá, ti yín nìkan kọ́ o. Gbogbo ilé tó wà lókè yín ló ń gbabẹ̀ kọjá." Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkè, wọ́n ní ó dáa. Pẹpẹ kọ́ǹkéré ni a ń fi bo ẹnu géètì. Kó nípọn ínṣì 6, kí ródù mìlímítà 12 wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́, kí ìkọ́ irin wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gbé e sókè tí wọ́n bá fẹ́ gbá gọ́tà. Ìnáwó onígéètì nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kọ́fáàtì, àti ohun tó ju agbára yín lọ

Níbi tí omi ti máa kọjá lábẹ́ títì, àwọn ẹnjiníà ojú ọ̀nà máa ń fẹ́ páìpù kọ́ǹkéré ńlá tí ẹnu rẹ̀ tó mìlímítà 900, kí èèyàn lè wọ inú rẹ̀ kó ìdọ̀tí. Kí wọ́n má gbé e lé ẹrẹ̀. Ẹ kó ẹrẹ̀ kúrò, ẹ da yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le. Kí yẹ̀pẹ̀ tó máa bò ó lórí tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí wọ́n máa dà á díẹ̀díẹ̀ lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà yẹ̀.

Ẹnu àbájáde rẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ṣeré. Omi tó bá jáde nínú kọ́fáàtì ní agbára. Bí kò bá bá ilẹ̀ kọ́ǹkéré tàbí òkúta ńlá pàdé, á gbẹ́ kòtò síbẹ̀, kòtò náà á máa jẹ ilẹ̀ padà lọ sábẹ́ kọ́fáàtì. Lọ́jọ́ kan ẹ máa jí, ẹ máa bá ìdajì títì nínú odò. Ẹ mọ ògiri orí sí ẹnu méjèèjì, kí ògiri ìyẹ́ nà sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì da ilẹ̀ kọ́ǹkéré síwájú rẹ̀.

Ní ti ródù nínú kọ́ǹkéré tó bá ń kan ilẹ̀ tàbí omi, kí mìlímítà 50 kọ́ǹkéré bò ó. Bísíkíìtì, ìyẹn kọ́ǹkéré kékeré oní-igun-mẹ́rin tí wọ́n ń dì mọ́ ródù, ni kí wọ́n fi gbé e sókè. Kí wọ́n má fi òkúta tàbí igi gbé e. Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n da kọ́ǹkéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Afárá tòótọ́ lórí odò kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé, bẹ́ẹ̀ ni kọ́fáàtì onígun mẹ́rin tó ga ju èèyàn lọ. Ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya àwòrán rẹ̀, ìjọba ló sì yẹ kó ṣe é. Mo ti rí àdúgbò tó to igi àgbọn lé odò, tí wọ́n da kọ́ǹkéré lé e, tí wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìlù. Ẹ jọ̀ọ́.

Ojú títì fúnra rẹ̀

Ìgbà tí gọ́tà bá tán ni kẹ́ ẹ tó bọ́ sójú títì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó bá fẹ́ fa omi tàbí wáyà sódì kejì. Ẹ ri páìpù òfìfo sábẹ́ títì níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ kejì tẹ́ ẹ bá parí intalọ́ọ̀kì, ẹnì kan á gbé dígà jáde.

Ẹ kó ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ mú yẹ̀pẹ̀ pupa tẹ́ ẹ fẹ́ dà, ẹ fomi sí i díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lọ̀ ọ́ sí gígùn. Bó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láìgé, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù, yóò wú nínú òjò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, ẹ̀ka ẹnjiníà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Pólì wà nílùú. Ẹ béèrè àyẹ̀wò CBR níbẹ̀, èyí tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù hàn. Ìlànà iṣẹ́ òde ìjọba àpapọ̀ ti 1997 ní kí ìpele ìsàlẹ̀ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi, kí ìpele òkè rẹ̀ tó ń gbé ọ̀dà tó 80.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ju ínṣì 6 lọ lẹ́yìn tí róólà bá tẹ̀ ẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá da ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́ẹ̀kan náà, òkè nìkan ló tẹ̀. Bí wọ́n bá parí, ẹ sọ pé kí tíípà tó kún fún òkúta rọra gun orí rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń mì tàbí tí táyà bá wọlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n hú u.

Kí àárín títì ga ju etí lọ. Fún títì mítà 6 tó ní ọ̀dà tàbí intalọ́ọ̀kì, ínṣì 3 tó. Fún èyí tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ nìkan, kó súnmọ́ ínṣì 5. Intalọ́ọ̀kì mìlímítà 60 wà fún ẹlẹ́sẹ̀, 80 ni fún ọkọ̀, oníṣòwò á sì fẹ́ ta èyí tó fẹ́lẹ́ fún yín. Ẹ gbé rúlà dání. Kí kọ́bù kọ́ǹkéré wà létí méjèèjì kẹ́ ẹ tó tò ó, torí bí kò bá sóhun tó dì í mú, á máa ṣí láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Ọ̀dà gbígbóná ò kàn yín. Ẹ̀rọ rẹ̀ ju owó àdúgbò lọ.

Nínú àdéhùn, ẹ dá 10 nínú 100 owó agbaṣẹ́ṣe dúró títí òjò ọdún kan á fi rọ̀ lé iṣẹ́ náà lórí, kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ yan ẹni méjì tó máa ka àpò sìmẹ́ǹtì bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń tán, kí wọ́n má jẹ́ ìbátan ara wọn. Ní oṣù kejì lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbá iwájú ara rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ sanwó tíípà kan tó máa kó ẹrẹ̀ gọ́tà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí bó bá sùn sẹ́bàá gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló máa gbá a padà sínú rẹ̀.