Bí A Ṣe Lè Pe Oníbàárà Láì Rí I Fín

Ní Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, kò ṣàjèjì kí ìyá aláṣọ ké sí ọkùnrin tí ń kọjá lọ pé, "Ọkọ mi, ẹ wá wo àǹkárá," kí onítọ̀hún sì rẹ́rìn-ín dúró. Ọjọ́ orí ìyá náà àti ariwo ọjà ló sọ ọ́ di àwàdà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ báńkì tí ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà bá pe obìnrin tí kò mọ̀ rí ní "olólùfẹ́ mi", ìwọ̀sí ni.

Ẹ kọ́kọ́ kí oníbàárà, kí ẹ sì lo "ẹ" fún un, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tiyín. Lẹ́yìn èyí, "oníbàárà mi" ti tó. "Ìyá" tàbí "bàbá" yẹ àgbàlagbà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún obìnrin tí ó jẹ́ pé "àǹtí" ni ó ń retí (mo ti rí ẹni tí ó gbé aṣọ sílẹ̀ nítorí "màmá"). Oríkì bí Àjíkẹ́ tàbí Àkànní a máa mú orí ẹni wú, síbẹ̀ ẹ má fi pe ẹni tí kò fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún yín, nítorí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ni ó ní àṣẹ láti fi kẹ́ ẹ.

Lórí fóònù, ẹ dúró lórí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú "mà" tàbí "sà". Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ọjà, kí ẹ má sì ṣàlàyé pé eré ni.