Ẹ Má Tọrọ Owó: Bí A Ṣe Ń Fi Ìsọ̀ Àdúgbò Dá Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì Ọmọdé Sílẹ̀

Owó ni mo kọ́kọ́ ń wá kiri. Lọ́dún tí mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà níléèwé wa l'Abẹ́òkúta, mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n máa dá mi lóhùn, bánà ni wọ́n fi ránṣẹ́, orúkọ wọn gàdàgbà lára rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ dúró tì í kí àwọn ya fọ́tò. Ó dùn mí wọra. Bí mo ṣe ń jáde níléèwé lọ́jọ́ náà, mo rí bàbá rẹwáyà (ẹni tó ń tún iná ẹ̀rọ ṣe) tó wà lẹ́nu géètì wa, ó ń gbá àwọn wáyà bàbà kéékèèké tí kò wúlò fún un mọ́ jọ. Mo kí i, mo ní kó fún mi. Ó dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀rá yẹn la fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ẹ rìn yí iléèwé yín ká. Ẹ má kọjá ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fẹsẹ̀ rìn dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kò sí owó ọkọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Fọganáísà ń ri túùbù bọ omi kó lè rí ibi tó ti jò: ẹ̀kọ́ nípa afẹ́fẹ́ nìyẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú sípíkà tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti yọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ gba bátìrì fóònù, pàápàá èyí tó ti wú, torí ó lè gbiná. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan, ẹ gbé e dúró, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́ta sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ á rí i pé ti ìsàlẹ̀ ló ń tú jáde pẹ̀lú agbára jù, torí omi tó wà lókè ló ń tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ bá oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ má rán ọmọ, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà. Ohun méjì péré ni kí ẹ bèèrè: ohun tí kò lò mọ́, àti wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá aláró kan ní Ìtòkú, mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Tísà, ṣé owó lẹ bá wá?"

"Rárá, mà. Wákàtí kan ni, káwọn ọmọ lè wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é."

"Kí wọ́n wo aró?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ọjọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Màmá fa aṣọ jáde nínú aró, aṣọ ò dúdú, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló ní. Àwọn ọmọ ní aró ti bàjẹ́. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú wọn, ó di búlúù, ó tún ń dúdú sí i. Gbogbo wọn pariwo. Mo wá ṣàlàyé pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ṣe é: nínú ìkòkò, kò sí ọ́síjìn fún aró, ìdí nìyẹn tó fi lè yòrò kó sì wọ inú aṣọ, bó ṣe pàdé afẹ́fẹ́, ó di búlúù, kò sì lè yòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jìnnà sí ìkòkò o. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, ó ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú.

Níléèwé, iṣẹ́ tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni ti mágínẹ́ẹ̀tì oníná, ìyẹn ìṣó tó ń fa irin nígbà tí iná bá ń kọjá nínú wáyà tí a wé mọ́ ọn. Ẹ wé wáyà bàbà yí ìṣó ńlá ká ní ìgbà 30. Ẹ fi bíléèdì ha orí wáyà méjèèjì kó dán, torí kùn tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá (ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣe é tí kò ṣiṣẹ́ kí bàbá rẹwáyà tó sọ fún mi). Ẹ so ó mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ẹ ka iye píìnì tó gbé, lẹ́yìn náà ẹ wé e ní ìgbà 60, kí ẹ tún ka iye tó gbé. Ẹ má jẹ́ kí wáyà wà lára bátìrì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Mo fi bátìrì ọ̀kadà dán an wò nígbà kan, wáyà náà gbóná lójijì, ó jó ọmọ kan níka. Èmi ni mo jẹ̀bi. Látìgbà náà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan là ń lò, mo sì kọ́kọ́ ń ṣe gbogbo ìdánwò fúnra mi nílé.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ sọ Yorùbá. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Mo ti rí i lójú ara mi: ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì ló bi fọganáísà ní ìbéèrè mẹ́rin.

Ọmọ 18 là ń gbà, Ọjọ́bọ̀ nìkan, aago méjì sí mẹ́ta ààbọ̀. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Fún àwọn ọmọbìnrin, mo máa ń lọ sílé lọ bá ìyá wọn, torí àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń pè lọ kiri ọjà tàbí pọn omi ní àkókò yẹn. Oníbúrẹ́dì ìtòsí wa ló ń fún wa ní búrẹ́dì tó fọ́.

Ní òpin táàmù, ẹ pe gbogbo onísọ̀ wá, kí àwọn ọmọ ṣàlàyé fún wọn. Bàbá rẹwáyà jókòó níwájú lọ́dún tó kọjá. Ó ní kí ọmọbìnrin kan tún ìṣó rẹ̀ wé, kó fi 90 dán an wò. A ò dán 90 wò rí. Píìnì mẹ́sàn-án ló gbé.