Ẹ̀yin ni ọ̀gá ọkọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò: ìtọ́sọ́nà sí checkride ní Amẹ́ríkà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe checkride, ìyẹn ìdánwò ìwakọ̀ òfúrufú, ní Amẹ́ríkà, n kò yege, bẹ́ẹ̀ mo mọ bàálù náà wà dáadáa. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ runway (ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí) lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì le ju ìwọ̀n tí èmi àti olùkọ́ mi ti jọ fi ṣe ààlà fún mi lọ. Mo rí i. Ṣùgbọ́n olùdánniwò tó jókòó lápá ọ̀tún mi ti ń fò kí wọ́n tó bí mi, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá léwu, bàbá á sọ̀rọ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fẹ́ balẹ̀, atẹ́gùn gbá wa kúrò láàárín runway, mo sì ń bá a jìjàkadì dípò kí n fún ẹ́ńjìnnì ní agbára kí n tún gòkè lọ. Òun ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ìdánwò parí sí.

FAA, àjọ tó ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfúrufú níbí, ti kọ ọ́ sínú òfin ní abala 61.47 pé olùdánniwò kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ nígbà ìdánwò. Ẹni tó wá ṣe ìdánwò ni ọ̀gá. Mo ti ka abala yẹn, mo lè kà á lórí, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ wa pé kí ọmọdé má dá àgbà lẹ́nu kò burú, mo sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ tèmi. Nínú bàálù ní ọjọ́ checkride, ó lè mú kí ẹ dákẹ́ níbi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń múra láti gba ìwé àṣẹ private pilot (awakọ̀ òfúrufú tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ owó) ní Amẹ́ríkà.

Ìwé ṣáájú òfúrufú

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí kan ẹni tó ní green card, gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ TSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìrìnnà, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú bàálù. Orúkọ ètò náà ni Flight Training Security Program. Ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀, wọn á ya ìtẹ̀ka yín, wọn á sì yẹ ìtàn yín wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ máa fò ná, pé ìwé á tẹ̀lé e. Ẹni tó ti di ọmọ ilẹ̀ náà kò nílò àyè yìí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi páspọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tàbí ẹ̀rí mìíràn tó bófin mu han olùkọ́, kí olùkọ́ sì kọ ọ́ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ ìfò rẹ̀. Ní ti físà, ẹni tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè torí ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń lo M-1, físà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, iléèwé tó fọwọ́ sí ìwé I-20 (ẹ̀rí pé iléèwé ti gbà á) fún un sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fàyè gbà. Físà àbẹ̀wò kò sí fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ wa ṣe máa ń rí lórí ìwé: orúkọ àbísọ níwájú níbi kan, orúkọ ìdílé níwájú níbòmíràn, orúkọ kẹta wà nínú páspọ́ọ̀tù ṣùgbọ́n kò sí lórí ìwé ìwakọ̀ mọ́tò. Ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí FAA fi ń gba ìwé ìbéèrè, IACRA, fẹ́ kí orúkọ yín bá káàdì ìdánimọ̀ tí ẹ máa fi han olùdánniwò mu. Ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo láti ọjọ́ kìíní, kó jẹ́ ọ̀kan náà lórí ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí ìlera, èsì ìdánwò àkọsílẹ̀ àti logbook. Mo mọ ẹni tó wakọ̀ wákàtí méjì lọ síbi checkride tó sì padà sílé láìfò, torí orúkọ àárín tó wà níhìn-ín kò sí lọ́hùn-ún. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ níbí.

Ìwé ẹ̀rí ìlera ipele kẹta ni ẹ nílò, dókítà tí FAA fún láṣẹ nìkan ló lè fún yín. Bí ẹ kò bá tíì pé 40 ọdún lọ́jọ́ àyẹ̀wò, oṣù 60 ni yóò lò. Bí ẹ bá ti pé 40, oṣù 24. Ẹ gbà á kí ẹ tó náwó púpọ̀ sórí ẹ̀kọ́.

Wákàtí tí òfin béèrè fún ní iléèwé Part 61 (èyí tó ń tẹ̀lé apá 61 nínú òfin FAA) jẹ́ 40 ó kéré tán, 20 nínú rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́, 10 ní ẹ̀yin nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò ju ìyẹn lọ, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni àwọn ìwọ̀n kéékèèké. Ìrìn-àjò gígùn tí ẹ máa dá lọ gbọ́dọ̀ tó 150 nautical mile lápapọ̀, kí ẹ balẹ̀ kí ọkọ̀ sì dúró pátápátá níbi mẹ́ta, kí apá kan nínú rẹ̀ sì ju 50 lọ ní ìlà tààrà. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lórí máàpù fúnra yín. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ fi múra sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú oṣù méjì tó ṣáájú oṣù ìdánwò; bí ọjọ́ ìdánwò bá sún síwájú, ó lè ti kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè 60, ẹ gbọ́dọ̀ gba 70 nínú 100, èsì rẹ̀ sì wúlò fún oṣù 24. Ẹ má sọ èsì náà nù. Àwọn kóòdù tó wà lórí rẹ̀ ń fi ibi tí ẹ ti kùnà hàn, olùkọ́ yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ẹ ti tún un kọ́, ibẹ̀ gan-an ni olùdánniwò á sì kọ́kọ́ da ìbéèrè dé.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olùdánniwò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. FAA fún wọn láṣẹ ni, àwọn fúnra wọn ló ń dá iye owó wọn lé, wọn ò sì pọ̀ tó. Ẹ bá olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìdánwò nígbà tí wákàtí yín ṣì kù.

Ìbéèrè lórí tábìlì

Ìwé tí olùdánniwò ń tẹ̀lé kò pamọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Airman Certification Standards, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì lè béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ máa fi bírò sàmì sí ibi tí ẹ ti mọ̀.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, á ní kí ẹ ṣètò ìrìn-àjò kan, á sọ bí òun ṣe wúwo tó, ó sì lè ní ọ̀rẹ́ méjì ń tẹ̀ lé yín pẹ̀lú ẹrù. Ẹ ṣírò ìwúwo náà dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ju ohun tí bàálù lè gbé lọ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣirò rẹ̀ já sí 60 pọ́ùn lékè, tó wá ń wá ọ̀nà láti mú kí nọ́ńbà náà gbà, torí ó rò pé ohun tí àgbà ní kí òun ṣe ló gbọ́dọ̀ ṣe. Ìdáhùn tó tọ̀nà kò ju “a ò lè gbé gbogbo wọn” lọ, kí ẹ wá ṣàlàyé ẹni tàbí ẹrù tí ẹ máa fi sílẹ̀, tàbí epo tí ẹ máa dín kù àti ibi tí ẹ ti máa tún un rà. Ẹ má gbàgbé pé epo 30 ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn ibi tí ẹ ń lọ lójú ọ̀sán, 45 ní alẹ́.

Á tún béèrè ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rẹ́ ní kí ẹ gbé òun àti ẹni méjì lọ sí ìlú kan, wọ́n á san gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ lè lọ? Rárá o. Private pilot gbọ́dọ̀ san ìpín tirẹ̀ ó kéré tán nínú owó epo, owó ọ̀yà bàálù àti owó pápákọ̀. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 400 dọ́là tí ẹ sì jẹ́ mẹ́rin nínú ọkọ̀, 100 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti àpò yín jáde.

Lẹ́yìn náà ni ìwé bàálù. Ẹ ti fi bébà kékeré sàmì sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó dé: àyẹ̀wò ọdọọdún láàárín oṣù 12, transponder (ẹ̀rọ tó ń fi bàálù han radar) láàárín oṣù 24, ELT (ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ bí bàálù bá já) láàárín oṣù 12, àti àyẹ̀wò wákàtí 100 bí òfin bá béèrè fún un.

Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn kan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, àti pé ẹ mọ ibi tó wà nínú ìwé òfin, kí ẹ ṣí i. Wọ́n gbà á, bí kò bá ti jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lẹ ń ṣí. Ẹ wo ojú olùdánniwò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Nílé, à ń tẹ ojú sílẹ̀ fún àgbà. Níbí, wọ́n lè rò pé ohun tí ẹ ń sọ kò dá yín lójú.

Nínú ọkọ̀

Ẹ ṣe é bí ẹni tó gbé èrò. Ẹ ṣàlàyé bẹ́líìtì àti ilẹ̀kùn fún un, ẹ jẹ́ kó yé e pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò kan ìrìn-àjò nígbà tí a bá ń gbéra tàbí tí a bá ń balẹ̀. Ó lè mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan lọ́wọ́ ìbalẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí pẹ́ńsù bọ́ sílẹ̀ kó ní kí ẹ bá òun mú un. Ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó ní sùúrù. Àbùkù kọ́, ohun tó ń wò gan-an nìyẹn.

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lórí yín kò pọ̀. Nínú steep turn, ìyẹn yíyípo pẹ̀lú ìtẹ̀sí gíga, ẹ tẹ bàálù sí dígírì 45, kí gíga má yẹ̀ ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kí eré má yẹ̀ ju 10 knot lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti bọ́ nínú stall (ìgbà tí apá bàálù kò lè gbé e mọ́) kí ẹ tó já sí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀. Ìbalẹ̀ lásán gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ láàárín 400 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́yìn àmì tí a yàn, ìbalẹ̀ orí runway kúkúrú láàárín 200. Ẹ yẹ ojú òfúrufú wò yíká kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí, torí àìyẹ ojú òfúrufú wò nìkan tó láti mú kí ẹ kùnà.

Bí ẹ bá yẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ìdánwò kò tíì bàjẹ́. Ohun tí ìwé náà kà sí ìkùnà ni kéèyàn máa yẹ̀ ṣáá, tàbí kó yẹ̀ kó má tètè ṣàtúnṣe, tàbí kó jẹ́ pé olùdánniwò ló máa dá sí i kí ewu má ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa sọ̀rọ̀ jáde: “Mo ti sọ 80 ẹsẹ̀ bàtà nù, mò ń gbà á padà.” Ẹni tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti rí i.

Lórí rédíò, kì í ṣe ohùn wa ni ìṣòro, eré àsárépajúdé tí tower, àwọn tó ń darí bàálù ní pápákọ̀, fi ń sọ̀rọ̀ ni. “Say again” (ẹ tún un sọ) kò gba máàkì kankan lọ́wọ́ yín. Àṣìṣe ni kéèyàn ka ohun tí kò gbọ́ yé padà. Bí ìbalẹ̀ kò bá sì dáa lójú yín, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní agbára kíkún, ẹ gòkè, ẹ má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ yẹn.

Bí kò bá bọ́ sí i lọ́jọ́ náà

Bí ẹ bá kùnà, wọ́n á fún yín ní Notice of Disapproval tó sọ ibi tí ẹ ti kùnà. Olùkọ́ á tún yín kọ́, á buwọ́ lù ú, bí ẹ bá sì padà láàárín ọjọ́ 60, ohun tí ẹ ti yege nínú rẹ̀ lè dúró. Letter of Discontinuance yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó wà fún ìgbà tí ojú ọjọ́, àìsàn tàbí bàálù bá dá ìdánwò dúró, kì í ṣe ìkùnà rárá, òun náà sì ní ọjọ́ 60.

Nígbà tí mo padà lọ fún ìgbà kejì, atẹ́gùn tún wà níbẹ̀. Mo ka ìròyìn ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ inú yàrá, mo kí bàbá, mo sì sọ fún un pé mi ò ní fò lónìí, atẹ́gùn ti ju ààlà tèmi lọ. Ohùn mi gbọ̀n díẹ̀. Ó ṣí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó ní ṣé ọjọ́ Ẹtì á rọrùn fún mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, nínú ìbalẹ̀ kejì, ọkọ̀ wa ga jù, mo fi ìbalẹ̀ náà sílẹ̀, mo tún gòkè yí ká, èyí tó tẹ̀lé e sì bọ́ sórí àmì.

Ìwé àṣẹ bébà tó tẹ̀ fún mi lórí tábìlì yẹn wúlò fún ọjọ́ 120, kí káàdì gidi tó dé nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Àdírẹ́sì tó wà nínú IACRA ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, nítorí náà bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún FAA láàárín ọjọ́ 30.