Ẹ Má Kó Àwọn Ọ̀dọ́ Kọjá Ìdí-Ìrókò Báyìí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn-Àjò Ìhìnrere

Ọmọ mẹ́rìnlá la kó lọ lẹ́ẹ̀kìíní, àwọn ọmọ SS1 àti SS2 nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa l'Abẹ́òkúta. Oṣù Kẹjọ ni, ilé-ìwé ti gba ìsinmi, a sì fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́fà ní agbègbè Sakété lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Igolo, ibi tí èèyàn máa ń já sí tó bá ti kọjá Ìdí-Ìrókò, ni àwọn aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ ti dá wa dúró. Wákàtí mẹ́rin la fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò sí lẹ́tà àṣẹ òbí kankan lọ́wọ́ wa. A ti rò pé bí gbogbo ọmọ bá ti wọ tíṣẹ́ẹ̀tì ìjọ, tí pásítọ̀ sì wà láàárín wọn, ó ti tó.

Ọ̀gá kan níbẹ̀ bi ọmọbìnrin tó kéré jù pé, "Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí ọ?" Èmi ló ń nawọ́ sí. Ọmọ ní, "Àǹtí wa ni." Ojú ọ̀gá náà yí padà. Obìnrin tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà, àǹtí náà ni àwọn ọmọ ń pè é.

Mi ò bínú sí i. Ní ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno gbéra ní Kútọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọ́n fura pé wọ́n ń kó lọ ṣe ẹrú, gbogbo ayé ló sì gbọ́ sí i. Ní 2006, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí bí a ṣe ń mú ọmọdé rìnrìn-àjò àti lórí ìjìyà ẹni tó bá kó ọmọ tà. Ẹni tó dá wa dúró ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwa ni a kò ṣe tiwa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí lẹ́tà, bàbá àti ìyá tó bá ṣeé ṣe. Kí orúkọ ẹni tó ń kó ọmọ lọ wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ẹ ó sùn, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ búra lé e ní kóòtù, ẹ so ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ òbí mọ́ ọn, ẹ sì wá ẹni tó gbọ́ Faransé tí yóò túmọ̀ rẹ̀, torí Faransé ni ìjọba ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ECOWAS ti ṣí ọ̀nà fún gbogbo wa. Òótọ́ ni pé àdéhùn 1979 fún wa láyè 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí ènìyàn mú ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára ọmọ kí yẹ́lò káàdì rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan máa ń ra káàdì tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, láìgba abẹ́rẹ́ kankan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ yín.

Gbígbàdúrà bí ẹni pé Jésù kò tí ì débẹ̀ rí

Lẹ́tà rọrùn láti tún kọ. Èyí tó ṣòro wà nínú àdúrà tí a gbà kí a tó kúrò nílé. Oṣù kan gbáko la fi pe ibi tí à ń lọ ní ilẹ̀ òkùnkùn. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́, torí àwa àgbà la sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a dé, ọmọkùnrin wa kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dọ̀bálẹ̀ dáadáa fún bàbá àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà wá lálejò. Nígbà tó dìde, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ Jésù?" Bàbá náà kò bínú. Ó fọwọ́ kan ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó mọ ògiri yìí."

Ìtàn ni a kò kọ́ ọmọ náà. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì tó wàásù ní Àgbàdárìgì ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹsàn-án 1842, tó sì dé Abẹ́òkúta wa ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òun kan náà ló lọ bá Ghezo, ọba Dahomey, ní Abomey tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ní 1843. Oṣù díẹ̀ péré ló wà láàárín tiwa àti tiwọn. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì dé Wídà, ní Bẹ̀nẹ̀ bákan náà, ní 1861. Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni S.B.J. Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Ohun yòówù kí ẹ rò nípa ẹ̀kọ́ wọn, àwọn aláṣọ funfun ìjọ yìí tí ẹ ń rí káàkiri Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ti wá bá wa. Àwọn náà ti ránṣẹ́ sí wa kí àwa tó ránṣẹ́ sí wọn.

Láti ìgbà náà, kíláàsì méjì la fi ń kọ́ ìtàn yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kù, a máa ń kọ̀wé sí pásítọ̀ tó ń gbà wá lálejò, a ó bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ kí a wá ṣe. Nígbà kan ó ní kí a má tí ì wá, torí ìkórè àgbàdo ti wọlé, kò sẹ́ni tí yóò ráàyè gbọ́ wa láàárọ̀. Ó dùn wá, àmọ́ a gbà.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kí la tún ń wá?

Báyìí la wí, a sì di páálí ìwé àṣàrò kúkúrú mẹ́ta sínú bọ́ọ̀sì. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Sakété, ní Pobè àti ní Kétu lóòótọ́, ẹ ó sì gbọ́ tí àwọn míì ń pè é ní Nàgó. Ṣùgbọ́n Faransé ni ọmọ ń kà ní ilé-ìwé. Ẹni tó bá sì kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá níbẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ àti ọ tiwa. Sh ni wọ́n sì ń kọ níbi tí àwa ń kọ ṣ.

Mo fún ọmọbìnrin kan ní ìwé wa, mo ní kó kà á sókè. Ó gbìyànjú gidi. Ó pe "Jésù" bí Faransé ṣe ń pè é. Nígbà tó dé "ọ̀rẹ́ rẹ̀", ó dúró, ó fi ìka pa àmì tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á fún un, ó sì lóye gbogbo rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Etí rẹ̀ gbọ́ wa dáadáa. Ojú rẹ̀ ni kò mọ ìwé wa. A kó páálí méjì àtààbọ̀ padà sílé.

Ìtàn sísọ àti orin ni kí ẹ mú lọ. Tó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ ń lọ, ẹ rántí pé Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, ẹ bẹ pásítọ̀ kó bá yín wá ògbufọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi gbólóhùn kéékèèké sọ̀rọ̀.

Kíka ọwọ́ tó gòkè

Ní alẹ́ kejì, a ní kí ọmọ tó bá fẹ́ gba Jésù gbé ọwọ́ sókè. A ka 47. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kà á sétí ìjọ nígbà tí a padà dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tún dá owó fún ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin kan tó ní àpá níwájú orí gbé ọwọ́ rẹ̀. Mo dá àpá yẹn mọ̀. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, mo bi í bóyá òun kọ́ ló gbé ọwọ́ lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ni. Mo ní kí ló wá dé tó tún gbé e. Ó ní inú wa dùn púpọ̀ nígbà yẹn, òun sì fẹ́ kó tún dùn.

Ọmọ náà ń ṣe wá lálejò ni, ọ̀nà tó mọ̀ ló gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn wa, àwa tí a sọ ọkàn ènìyàn di iye tí à ń kà fún àwọn tó dáwó. A kò ka ọwọ́ mọ́. Tí ọmọ kan bá fẹ́ mọ̀ sí i, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tibẹ̀ ni a máa ń fà á lé lọ́wọ́, torí òun ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀bùn láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì

Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti fúnni, ìwà rere sì ni. Ṣùgbọ́n bísíkíìtì tí wọ́n jù láti fèrèsé lọ́jọ́ tí à ń padà dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn kéékèèké, ọ̀kan ṣubú, eékún rẹ̀ bó. Ìyá rẹ̀ ló wá gbé e, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

Aṣọ àlòkù ńkọ́? Ẹ rò ó dáadáa. Láti Kútọnu ni ọ̀pọ̀ òkirìkà ti ń wọ Nàìjíríà. Aṣọ tí a tò jọ l'Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìtara, tí a san owó ẹrù lé lórí, a ń dá a padà sí ojú ọ̀nà tó gbà wọlé ni, a sì gbé e lọ sí ìlú tí obìnrin kan ti ń pàtẹ irú rẹ̀ lọ́jà láti fi bọ́ ọmọ. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fúnni, ẹ kó o fún àwọn àgbà ìjọ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n pín in lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà kíkùn. Àwọn ọmọ wa kun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀dà dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wọ́n. Èmi ni mo yẹ kí n pè é, kí n san owó iṣẹ́ fún un, kí àwọn ọmọ máa pọn omi fún un. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ṣì ń rí i lójú.

Orò, àti àwọn nǹkan tí àlejò kì í rí

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ará Ẹ̀gbá ni wá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa ní ohun tí Orò jẹ́. Síbẹ̀ a kó ọmọbìnrin mẹ́jọ lọ láìbéèrè bóyá Orò yóò jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó pásítọ̀ tó sáré wá sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Inú yàrá kan làwọn ọmọbìnrin sùn mọ́jú, fèrèsé pípa, nínú ooru. Ẹ béèrè ọjọ́ kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Ègùn, Zangbeto, eégún wọn, ló ń ṣọ́ ìlú lóru. Kí ọmọ kankan má gbé fóònù jáde lọ yà á. Òkìtì amọ̀ tí wọ́n da epo sí lẹ́nu ọ̀nà ilé, ojúbọ ẹnìkan ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dúró tì í máa pariwo ìdè. Èèyàn kì í bú ohun tí onílé ń bọ kó tún retí pé kó ṣí ilẹ̀kùn gbọ́ ìwàásù.

Kí ọmọ kankan má gun zémidjan, ọ̀kadà tibẹ̀, bí ó ti wù kí ọ̀nà kúrú tó. Ẹ ṣẹ́ náírà yín sí sẹ́fà, owó Bẹ̀nẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Kí àgbà kan ṣoṣo má wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo ní yàrá, ì báà jẹ́ ọmọ tiwa tàbí tiwọn, ì báà sì jẹ́ pásítọ̀.

Fọ́tò

Ọmọ wa kan ya ọmọdé kan tí ikun ń yọ nímú rẹ̀, tí kò wọ bàtà, ó gbé e sí status WhatsApp rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ àánú sí i. Ẹbí ló wà ní ìhà méjèèjì ààlà yìí. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìlà sí àárín wọn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, fọ́tò náà ti dé ọwọ́ àbúrò ìyá ọmọ náà ní Ìdí-Ìrókò. Ìyá ọmọ wá bá wa. Ó ti wẹ ọmọ náà, ó wọ aṣọ àǹkárá tuntun fún un, ó fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un yà." A yà á. Ọmọ tó gbé ti àkọ́kọ́ síta kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ń sunkún títí obìnrin náà fi fà á dìde.

Láti ọjọ́ náà, inú àpò kan lọ́wọ́ mi ni gbogbo fóònù ń wà, a sì ń béèrè lọ́wọ́ òbí kí a tó ya ọmọ.

Lílọ láìní kí wọ́n wá

Èyí ló pẹ́ jù kí a tó rí i. Ọdún mẹ́rin la fi ń lọ, a kò pè wọ́n sílé rí. Ní Oṣù Kẹjọ tó kọjá, ọ̀dọ́ mẹ́fà àti olùkọ́ wọn wá láti Sakété sí Abẹ́òkúta, lẹ́tà òbí pé, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa sùn sórí ẹní ní gbọ̀ngàn, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún àlejò. Lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọkùnrin tó ní àpá níwájú orí ló ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ, ní Faransé, ọmọbìnrin wa tó pè mí ní àǹtí ní Igolo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ẹsẹ kan náà ní Yorùbá.