Bí a ṣe ń ka ìròyìn ìdájọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ láìṣi ọdún ẹ̀wọ̀n kà

Ẹ gbé e pé ìròyìn yìí dé orí WhatsApp ẹbí: kóòtù Ìkòyí ju ọmọ Yahoo sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ìyá ọmọ wà ní Múṣin, ó gbọ́ 21, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ní kí wọ́n lọ ta ilẹ̀ Ìkòròdú. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún 7 ni ọmọ náà máa lò, kódà kó máà tó 7. Oníròyìn kò purọ́ o, àròpọ̀ ló ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ yẹ nǹkan mélòó kan wò kí ẹ tó gba iye ọdún kankan gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ kóòtù tó dá ẹjọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ EFCC ní Èkó ló ń lọ sí Ìkòyí. Àjọ náà tún ń gbé àwọn èèyàn lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, òfin ìgbẹ́jọ́ ibẹ̀ sì yàtọ̀. Nọ́ńbà ẹjọ́ ló máa yanjú ẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FHC/L, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka Èkó, ní Oyinkan Abayomi Drive ní Ìkòyí ni. Lẹ́tà C tó bá nọ́ńbà rìn túmọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn. CS ni ti ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ẹni tí kò bá gba nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ lọ́yà yóò wọ danfo lọ sí Ọbáléndé lásán, torí orúkọ nìkan kì í tó láti wá fáìlì.

Lẹ́yìn náà ni iye ẹ̀sùn. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Adájọ́ máa ń dá ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, á wá sọ bóyá kí wọ́n jọ máa lọ pọ̀ tàbí kí wọ́n tẹ̀ léra. Ẹ̀sùn 3, ọdún 7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí wọ́n bá jọ ń lọ pọ̀, ọdún 7 ni, tí wọ́n bá tẹ̀ léra, ó di 21. Ẹ wo ẹjọ́ Cecilia Ibru, ọ̀gá báǹkì Oceanic tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2010, kóòtù ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 3, oṣù 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jọ lọ pọ̀ ni, nítorí náà oṣù 6 ni gbogbo ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe 18. Ṣùgbọ́n ó tún pàdánù dúkìá tó tó ₦191 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá ka oṣù 6 nìkan yóò rò pé wọ́n kàn fọwọ́ pa á lórí ni.

Ẹjọ́ Ibru yẹn parí pẹ̀lú ìdúnàádúrà, ìyẹn ni pé olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi kí ìjìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Abala 270 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, ló ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó rí báyìí. Fún ẹni tó fi ẹ̀tàn gba owó, òfin jìbìtì ti 2006 kò gba kéré ju ọdún 7 lọ, kò sì fàyè gba owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ibi tí ìjà máa ń wà ni orúkọ ẹ̀sùn fúnra rẹ̀: ṣé wọ́n lè gbà kí olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ? Ẹ bèèrè abala òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, ẹ má bèèrè iye ọdún nìkan.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ kékeré kan: "tàbí". Ẹ̀wọ̀n ọdún 1 tàbí ₦500,000, ẹni tó bá rí owó san ń lọ sílé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti ₦500,000, kò sí ibi tó ń lọ. Tí ẹ bá máa san, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù ni ẹ ti gba àlàyé bí wọ́n ṣe ń san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi owó sí àkáǹtì òun, kò yẹ kó rí kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Abala 416 nínú ACJA ní kí adájọ́ ro àkókò tí èèyàn ti lò ní àtìmọ́lé mọ́ ọn. Àwọn kan á kà á láti ọjọ́ tí wọ́n mú un, àwọn mìíràn á ní láti òní lọ. Tí lọ́yà kò bá tẹnu mọ́ ọn kí adájọ́ tó dìde, ọdún 2 ní Kírìkírì lè ṣègbé. Kí ẹbí ti ní ọjọ́ tí wọ́n mú un lákọsílẹ̀.

Àwọn ará ilé ẹni tó ń jẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, oṣù ni kóòtù ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi ń kà. Oṣù 135 ni wọ́n dá fún Hushpuppi, gbajúmọ̀ ọmọ Yahoo orí Instagram, ní California ní oṣù kọkànlá 2022, ọdún 11 àti oṣù 3, pẹ̀lú $1,732,841 láti san padà fún àwọn tó lù ní jìbìtì. Ìwà dáadáa lè dín ọjọ́ 54 kù lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 90 ni ẹ ní láti dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Láti ọjọ́ ìdájọ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ní kí olùjẹ́jọ́ rí ẹ̀dà ìdájọ́ gbà láàárín ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é. Lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kóòtù fún ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, ẹ san owó rẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n bá yín gbà. Kí lọ́yà fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ ní kóòtù Ìkòyí náà pẹ̀lú ìdí kan péré. Tí ẹ̀dà bá dé, ó lè tọrọ àyè láti fi àwọn ìdí tó kù kún un.

Ẹ má sì rò pé kòtẹ́milọ́rùn kò wúlò. Ní 5 Kejìlá 2019, kóòtù Ìkòyí rán Orji Uzor Kalu, gómìnà ìpínlẹ̀ Abia tẹ́lẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní 8 Karùn-ún 2020, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà lórí ẹ̀bẹ̀ Jones Udeogu, ẹni tí wọ́n jọ jẹ́jọ́, torí wọ́n ti gbé adájọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kó tó padà wá parí ẹjọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ mìíràn.